Ẹ gbà mí o, eyín ọmọ mi kò jẹ́ ká sùn

Ìyá Àdùnní: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Eyín ni ọmọ mi ń hù, ilẹ̀ ń mọ́ bá mi lójú. Ìyá ọkọ mi tí a jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní mi ò mọ ọmọ tọ́jú. Láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo ará ilé, ó ní ọmọ mẹ́jọ lòun bí, kò sí èyí tó sunkún báyìí. Bàbá ọmọ wà l'Ékòó, bí mo bá pè é á ní kí n fara balẹ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti dé ìsọ̀ mi ní ọjà Wàzò, odidi agbọ̀n ata rodo ti jẹrà. Ọmọ ń da itọ́, ó gé mi lọ́mú jẹ débi pé orí ọmú ọ̀tún ti bó. Kí ni mo lè fi pa èrìgì rẹ̀ tí ara á fi tù ú?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gé èékánná rẹ, fọ ọwọ́ dáadáa, kí o rọra máa fi ìka ra èrìgì rẹ̀. Tàbí kí o fi aṣọ mímọ́ bọ omi, gbé e sínú fíríìjì kó tutù, má jẹ́ kó di yìnyín o, kó máa rún un lójú rẹ. Táíwò mi hu eyín lóṣù márùn-ún. Ti Kẹ́hìndé pẹ́, nígbà tó sì máa hù, eyín òkè ló kọ́kọ́ yọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu bí àwọn ará ilé ọkọ mi bá wọlé.

Ìyá Bùkọ́lá: Oyin ìgàn ni kí ẹ fi pa á.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o! A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin, májèlé kòkòrò kan tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń mú kí iṣan ọmọ rọ. Ẹ má fi gẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹnu kú sí i náà. Ní 2018, Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má fi èyí tó ní benzocaine sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, torí ó lè máà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn.

Bàbá Kọ́lá: Oyin ni wọ́n fi tọ́ àwa, ṣé a kú ni?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Kọ́lá, ẹ rántí 2008. Oògùn eyín My Pikin, wọ́n po kẹ́míkà tó wà nínú omi bíréèkì mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn bà jẹ́, ó lé ní 80 tó kú. Oògùn eyín ni ìyá wọn rò pé àwọn ń fún wọn.

Ìyá Bùkọ́lá: Ẹ fi aṣọ tútù fún un nígbà náà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Àdùnní, oṣù mélòó ni ọmọ? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ìgbẹ́ ńkọ́?

Ìyá Àdùnní: Oṣù méje. Mi ò fún un lóyin. Ìyá ọkọ mi ló rọ ọ́ lágbo, èmi kọ́. Ẹni tí kò bá ìyá ọkọ gbé kò lè mọ̀. Ìgbẹ́ eyín náà ló ń ṣu, ṣebí gbogbo ọmọ ló ń ṣu ú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí ọmọ ń kì bọnu ló ń fà á. Ara tó bá sì gbóná tó 38°C, kì í ṣe ti eyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ibà wò. Ìgbà mélòó ló ń ṣu lóòjọ́? Kí lẹ ti fún un?

Ìyá Àdùnní: Látọjọ́ Sátidé, ó tó ìgbà mẹ́fà lóòjọ́, omi lásán. Ara rẹ̀ gbóná, mo fún un ní oògùn eyín àti parasítámọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú sí mi.

Bàbá Kọ́lá: Látọjọ́ Sátidé! Ata lo sì ń sọ fún wa?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá Àdùnní, ẹ dá oògùn méjèèjì dúró. Ọ̀pọ̀ oògùn eyín, parasítámọ́ọ̀lù náà ló wà nínú rẹ̀, ìlọ́po méjì lẹ ń fún un yẹn. Ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀. Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?

Ìyá Àdùnní: Àwùjẹ̀ rẹ̀ jin wọlé, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Pámpásì tí mo wọ̀ fún un láàárọ̀ ṣì gbẹ. Kò tiẹ̀ sunkún mọ́ báyìí, mo rò pé oorun ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Oorun kọ́. Omi ti tán lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá lè gbé mì, ẹ máa fún un lọ́mú lọ́nà. Bí ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń po fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, bá wà nílé, ẹ po sáṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ omi mímọ́ líítà 1, kí ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ìgò oògùn dání.

Ìyá Ìbejì: Ibo lo dé báyìí? Dá wa lóhùn.

Ìyá Àdùnní: A ti wà lórí ọ̀kadà, a ti kọjá Tákíẹ́. Ìyá ọkọ mi ló gbé e dání, òun ló ń fi ṣíbí fún un lómi.