Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ nótì orin braille kà níbí?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi kò ríran, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, etí lásán ló fi ń mú orin àmọ́ ó mọ braille (ìwé onídọ́ọ̀tì tí afọ́jú ń fi ìka kà) kà dáadáa, ó wá fẹ́ kọ́ ti orin báyìí. Pé lẹ́tà d ti braille di nótì C, e di D, tí dọ́ọ̀tì 3 àti 6 sì ń sọ bí nótì ṣe gùn tó, ìyẹn ti ń yé e díẹ̀díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tó fi ń kà náà ló fẹ́ fi tẹ dùùrù! Ṣé ẹ máa ń fi òsì kà kí ọ̀tún máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ há a sórí kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ọwọ́ ni? Hímù olóhùn mẹ́rin ńkọ́, ṣé sòpúránò ló máa kọ́kọ́ há ni àbí báàsì?