Pátákó ìrántí àwọn eléré sísá àti olùṣètò eré ní Abẹ́òkúta: kí la máa kọ, kí la máa fi ṣe é?

Ọmọ Olúmọ:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan fẹ́ gbé pátákó ìrántí kalẹ̀ nítòsí pápá ìṣeré MKO Abiola ní Kútọ̀. Orúkọ méjìlá ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: àwọn tó sáré, àwọn tó fò, àtàwọn tó ṣètò eré. Josiah Majekodunmi, Falilat Ogunkoya, Tobi Amusan àti Sir Adetokunbo Ademola ti wà nínú ìwé. Ohun mẹ́ta ló ń fa àríyànjiyàn. Ta la lè pè ní ti ìlú yìí? Kí ló yẹ kó wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan? Kí la lè fi ṣe é tí òjò àti oòrùn ò fi ní sọ ọ́ di yẹpẹrẹ? Owó ò pọ̀, ohun tí wọ́n bá sì ti fín sára òkúta kò ṣeé parẹ́.

Akọ̀wé Eré:
Àkọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí, òun ló máa yan orúkọ fún yín. Bó bá jẹ́ "Àwọn Eléré Abẹ́òkúta" lẹ kọ, Ogunkoya tó jẹ́ ọmọ Òde Lẹ́mọ kò sí níbẹ̀, Amusan tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì kàwé níbẹ̀, kò sí níbẹ̀. Àwọn ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú á ní ẹ jí ọmọ àwọn gbé, ẹnu yín ò sì ní gbà á. Bó bá jẹ́ "Àwọn Eléré Ìpínlẹ̀ Ògùn" ni, kò séjọ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni Abẹ́òkúta.

Ẹ pe ìdíje ní orúkọ tó ń jẹ́ lọ́dún yẹn. British Empire Games ni ti 1950 ní Auckland, kì í ṣe Commonwealth Games. Níbẹ̀ ni Majekodunmi ti gba fàdákà nínú fífò sókè, òun sì ni àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìdíje náà. Lọ́dún 1952 ó wà lára ikọ̀ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ rán lọ sí Òlíńpíìkì, ní Helsinki, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Ẹ kọ ipò kẹsàn-án yẹn síbẹ̀. Àwọn kan á ní kò lámì ẹ̀yẹ nínú, kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má yọ ọ́.

Àwọn olùṣètò ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sórí àga iwájú lọ́jọ́ ìdíje ló ń pe ara rẹ̀ ní olùṣètò. Ipò àti ọdún ni kẹ́ ẹ béèrè, kí ìwé ètò ìdíje, ìwé ìpàdé tàbí ìwé ìyànsípò sì jẹ́rìí sí i. Ti Ademola ò le rárá: Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ó sì di ọmọ ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ní 1963, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Ìlà kan péré ti tó o. Pé ó jẹ́ adájọ́ àgbà Nàìjíríà, pátákó mìíràn ló ni ìyẹn.

Adájọ́ Òpin Eré:
Ẹ ṣọ́ra fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ máa kọ fún Amusan, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ní ìdíje àgbáyé ní Eugene, 24 oṣù Keje 2022, ẹ̀ẹ̀mejì ló sáré 100 m tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó sá 12.12, atẹ́gùn ẹ̀yìn jẹ́ 0.9 m láàáyá kan. Èyí ni àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ní àṣekágbá, ó sá 12.06, ó gba góòlù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti di 2.5. Bó bá ti kọjá 2.0, góòlù dúró, àmọ́ àáyá náà ò lè di àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ "12.06, àkọsílẹ̀ àgbáyé" ti fín irọ́ sára òkúta. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Góòlù àgbáyé 2022. Àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.12."

Ti Ogunkoya rọrùn, 400 m ò ní wàhálà atẹ́gùn: Òlíńpíìkì Atlanta 1996, 49.10, idẹ; fàdákà nínú 4×400 m, eré ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sójú ìlà kan.

Àwọn àgbà tó jẹ́ aago ọwọ́, ìyẹn aago tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀, ni wọ́n fi ka àáyá wọn ńkọ́? Nọ́ńbà kan ló ń wà lẹ́yìn àmì, bíi 10.4. Ẹ má fi òdo kún un kó di 10.40, ìyẹn ti ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹni tó di aago mú ń dúró kó rí èéfín ìbọn kó tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ lópin eré ojú rẹ̀ ti ń bá asáré bọ̀, kì í pẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ fi ń yá ju ẹ̀rọ lọ, 0.24 ni wọ́n ń fojú bù ú sí fún 100 m. Ẹ má ṣèṣirò kankan lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ fi "aago ọwọ́" tì í.

Ẹ tún yẹ èsì wò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fín in, torí àmì ẹ̀yẹ ń yí padà. Fàdákà ni ikọ̀ 4×400 m ọkùnrin wa gbà ní Òlíńpíìkì Sydney 2000. Nígbà tí wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ Amẹ́ríkà nítorí oògùn, ó di góòlù. Sunday Bada, ọ̀kan lára wọn, ti kú ní 2011 kí wọ́n tó fún wa ní góòlù náà ní 2012. Ẹ sì rántí pé àwọn tó sáré ní ìpele àkọ́kọ́ nìkan náà ń gba àmì ẹ̀yẹ: ẹni mẹ́fà ni ti Sydney, kì í ṣe mẹ́rin.

Afínkúta:
Ẹ má ṣe pátákó ńlá kan ṣoṣo. Òkúta gíránáìtì tó jẹ́ 1200 × 800 mm, tó nípọn 20 mm, á wọn nǹkan bíi 52 kg, àṣìṣe lẹ́tà kan sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, 300 × 200 mm fún orúkọ kan. Kò tó kìlò mẹ́rin, ọ̀kan péré lẹ máa tún ṣe bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́. Ẹ fi àyè ogún sílẹ̀ lára ògiri, kẹ́ ẹ fi méjìlá bẹ̀rẹ̀.

Idẹ dára lójú, àmọ́ àwọn tó ń ra àlòkù irin á ti wá tú u kí ọdún tó yípo. Sítíkà ń ṣí lójú oòrùn. Ẹ fín lẹ́tà wọlé tó 2 mm, kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà sínú rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ṣí, lẹ́tà ṣì wà, ẹ kàn máa tún un kùn ni. Irin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ fi dè é mọ́ ògiri, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù epoxy. Ìṣó lásán á dípẹtà, omi pupa á máa ṣàn sára orúkọ èèyàn.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ Yorùbá jẹ́ jù ni àmì. Lẹ́tà bíi "ẹ́" tàbí "ọ̀", ègé méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń tò ó. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ yàn, ò bá mọ̀ ọ́n, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí kékeré. Charis SIL àti Noto Sans ń gbé e dáadáa. Ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán nínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa fín in, torí fọ́ǹtì yín lè má sí lórí ẹ̀rọ tiẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà ò gbọ́dọ̀ kéré sí 3 mm, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á dí i pa.

Ọmọ Olúmọ:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Báwo ni lẹ́tà ṣe máa tóbi tó? Ìdílé kan tún wà tí wọn ò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí orúkọ bàbá wọn.

Afínkúta:
Ẹni tó bá dúró ní mítà mẹ́ta á ka 25 mm láìfojú wá a. Ìlà èsì lè jẹ́ 15 mm. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà ní ìwọ̀n gidi, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tí kò bá yín tẹ̀ ẹ́ kà á sókè. Ti ìdílé yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí àgbà ilé fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ fín mọ́kànlá tó kù.