POST àkọ́kọ́ máa ń já pẹ̀lú ECONNRESET nínú got: báwo ni mo ṣe lè tètè pa socket tí kò ṣiṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìsánlú ni mo wà. Ètò tí mo kọ fún àwọn àgbẹ̀ kajú wa níbí máa ń fi iye owó ọjà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Node.js 20 (tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ lórí server) ni, got, àkójọ kóòdù tó ń fi ìbéèrè HTTP ránṣẹ́, ni mo sì fi ń ṣe POST (ìbéèrè tó ń gbé dátà lọ) sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa fi SMS ránṣẹ́. Mo tan keepAlive nínú https.Agent (tó ń bójú tó àwọn ìsopọ̀), kí socket, ìyẹn ìsopọ̀ tó ti ṣí, lè wà fún ìbéèrè tó ń bọ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò gba kéèyàn máa bẹ̀rẹ̀ TLS (ètò ààbò ìsopọ̀) lákọ̀tun nígbà gbogbo.

Tí iṣẹ́ bá ń lọ léraléra, kò síṣòro. Àmọ́ tí ètò náà bá ti dákẹ́ díẹ̀, POST tó bá kọ́kọ́ jáde á já, á kọ "read ECONNRESET" (ìsopọ̀ ti já láti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì). Èyí tó tẹ̀ lé e á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Curl (irinṣẹ́ tí mo fi ń dán ìbéèrè wò láti command line) ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí server kan náà. Mo pa keepAlive: àṣìṣe náà lọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ falẹ̀ gan-an. Got kì í tún POST ṣe fúnra rẹ̀, n kò sì fẹ́ fipá mú un, kí SMS kan má baà wọlé fún bàbá àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ni ìkọ̀ọ̀kan. Mo tún wo héḍà èsì wọn, kò sí "Keep-Alive: timeout" níbẹ̀ tí agent ìbá fi mọ ìgbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ní kí agent pa socket tó bá ti wà lásán fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, láìgé POST tó ṣì ń retí èsì? Àbí kí n kúkú lọ sí undici, àkójọ kóòdù HTTP mìíràn fún Node, tó ní keepAliveTimeout (iye àkókò tí socket lè fi wà lásán) tirẹ̀?