Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí bàbá mi létí, kí ni ká máa retí?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ti yẹ etí bàbá mi wò, méjèèjì ni kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Kí ni wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ sí i? Ṣé ó máa ń dunni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n sì jù ú sínú àpótí.

Ìyá Bọ́lá: Kò sí ìrora níbẹ̀, ó kàn lè máa yún wọn létí díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìdọ̀tí etí ṣáájú, torí bí ihò etí bá dí, iṣẹ́ ò ní lọ. Ẹ má fi òwú orí igi yọ ọ́ o, ńṣe ló máa tì í wọnú lọ.

Bó bá jẹ́ èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí tó sì ní earmould (ìdí etí tí wọ́n ṣe kó bá ihò etí ẹni mu), wọ́n á ti kọ́kọ́ gba bátànì etí. Wọ́n á fi fóòmù kékeré tó ní okùn dí inú, kí sílíkónì má bàa dé ìlù etí, wọ́n á wá fún sílíkónì náà sí i. Bí ìṣẹ́jú 5 ó ti gan. Kí bàbá má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má jẹnu, àfi bí òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: bí àgbọ̀n bá ń mì, ihò etí ń yí padà, earmould ò sì ní bá etí mu.

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á tò ó bí àyẹ̀wò ṣe rí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa wọn ohùn náà nínú etí fúnra rẹ̀. Wọ́n á ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ihò etí, ó kù bíi mìlímítà 5 kó kan ìlù etí, wọ́n á fi ẹ̀rọ sí i, sípíkà á sì máa gbé ohùn jáde níwájú wọn. Ihò etí ẹnì kan ò rí bíi ti ẹlòmíì, nítorí náà ohun tí kọ̀ǹpútà rò pé ó ń dé ìlù etí lè má rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibi tó ṣe kókó jù nìyí.

Akin: Ohùn ara wọn ló máa kọ́kọ́ ṣe wọ́n ní kàyéfì, bí ẹni tó ki orí bọ inú àmù. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kó ṣì wà létí, kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bó bá ṣì ń dún bẹ́ẹ̀, ohun tó dí etí ló fà á: kí wọ́n fẹ ihò atẹ́gùn earmould, tàbí kí wọ́n lo rọ́bà orí ẹ̀rọ tó ní ihò. Bó bá dáwọ́ dúró, ìtò kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n tún ṣe. Àmọ́ bí ihò bá ti tóbi jù, ó lè máa súfèé.

Súfèé yẹn, ohùn tó ń jò jáde ló ń padà wọ máíkì. Ẹ fi ìka tẹ earmould wọlé. Bó bá dákẹ́, kò jókòó dáadáa ni, tàbí kó ti tú. Bó bá ń súfèé kìkì ìgbà tí ọwọ́ bá bo etí, ẹ má dààmú.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Bátìrì ńkọ́?

Bàbá Ṣọlá: Bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ń cháàjì, àwọ̀ tó bá nọ́ńbà bátìrì rìn ni kí ẹ wò: 10 jẹ́ yẹ́lò, 312 búráwùn, 13 àwọ̀ ọsàn, 675 búlúù. Ẹ bó ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ẹ gbé bátìrì jìnnà sọ́mọdé. Bí wọ́n bá gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lára ẹ̀rọ náà, àmì pupa ni ti etí ọ̀tún, búlúù ni ti òsì.

Ìyá Bọ́lá: Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ ní pàtó. “Ó ń pariwo” ò tó. “Ìró ṣíbí lórí àwo ń gún mi létí” ni òṣìṣẹ́ lè fi tún un tò. Kí ẹ sì tó kúrò níbẹ̀, kí bàbá fọwọ́ ara wọn wọ̀ ọ́, kí wọ́n bọ́ ọ, lẹ́ẹ̀mẹta, lójú òṣìṣẹ́ yẹn.