Báwo la ṣe lè dá MacGregor tó ń jẹ́ Drummond mọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìdílé àwọn ará Skọ́tílàǹdì. Àwọn MacGregor ìjọ Balquhidder, ní Perthshire, ni mò ń tọpa wọn. Lẹ́yìn ogun Glen Fruin, ní 1603, Ọba James Kẹfà fòfin de orúkọ náà. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1661, wọ́n dá a padà ní 1693, 1774 ló tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ni ọ̀pọ̀ wọn bá ń jẹ́ Campbell, Murray tàbí Drummond.

Ibi tó ti lọ́jú pọ̀ rèé: ìwé ìrìbọmi pe bàbá kan ní Drummond ní 1768, ó pè é ní MacGregor ní 1779, oko kan náà ló sì kọ fún méjèèjì. Ṣé ẹnì kan ni? Orúkọ ìyá ni mo gbójú lé jù, torí láyé ìgbà yẹn, obìnrin ibẹ̀ kì í pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì bó bá lọ́kọ. Àmọ́ ní 1768, "Margaret" nìkan ni akọ̀wé kọ.

Nígbà yẹn, ọmọkùnrin kejì sábà máa ń jẹ́ orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Ṣé ìyẹn tó ẹ̀rí? Ẹni tó bá ti yẹ ìwé owó táwọn àgbẹ̀ ń san lórí ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1745 wò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń kọ "alias", ìyẹn orúkọ míì téèyàn ń jẹ́, síbẹ̀?