Ìwé Ikú Bàbá Wa: Ẹ Sọ Tiyín Náà

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí ìwé ikú Bàbá wa.

Bàbá kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, lórí ẹní rẹ̀, nínú ilé ara rẹ̀. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì. Mùsùlùmí ni wá, oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi sin ín. Àlejò dé láti Ìlárá, wọ́n dé láti Ìmẹ̀kọ. A ṣe ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ogójì. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó rántí mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń kọ ikú sílẹ̀ ní Bénin wa níbí. Ta ni ì bá rántí? Gbogbo àdúgbò ló tẹ̀lé òkú dé ibojì.

Ìyá wa wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbà tó jáde ló tó lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí tíṣà ìjọba ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kó mú acte de décès, ìwé ikú, wá. Ìyá mi bi wọ́n pé, "Ṣé ọkọ mi ò kú tó ni, tó fi di pé mo ń gbé ìwé kiri?" Ó bínú délé. Èmi ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ bá já lé mi léjìká.

Mo kọ́kọ́ lọ bá délégé, olórí àdúgbò wa. Ó kọ ìwé fún mi kíákíá, ó lu òǹtẹ̀ sí i, òun náà ṣáà jẹ ẹran ọjọ́ kẹjọ. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì arọ́ndísímáà, ẹ̀ka kan lábẹ́ mẹ́rì. Akọ̀wé ibẹ̀ gbọ́ mi tán, ó bi mí lọ́jọ́ tí Bàbá kú, ó fi ìka ka oṣù lórí tábìlì, ó mi orí. Ó ní ọjọ́ tí òfin fún wa láti kéde ikú ti kọjá tipẹ́, òun ò lè fi bírò òun kan rẹ́jísítà, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ikú sí, láìjẹ́ pé kóòtù pàṣẹ. Jugement supplétif ni wọ́n ń pe àṣẹ kóòtù náà. Kóòtù tiwa níbí, Pọ́bẹ̀ ló wà.

Mo kó àgbà méjì dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan ni aládùúgbò wa, èkejì ni ààfáà tó wẹ òkú. Nígbà tó kan ààfáà, wọ́n bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé ọkùnrin náà kú lóòótọ́. Ààfáà wo adájọ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ (obìnrin ni), ó ní, "Ìyá, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi di ìgbáròkó rẹ̀." Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ibi orúkọ ló ti wá bẹ̀rẹ̀.

N kò ní kọ orúkọ Bàbá mi síbí, ẹ jẹ́ kí n fi Ọlátúnjí ṣe àpẹẹrẹ. Lórí ìwé tíṣà rẹ̀, "Olatoundji" ni wọ́n kọ, bí àwọn Faransé ṣe kọ́ wọn. Lórí káàdì rẹ̀ àtijọ́, "Olatundji". Nígbà tí ìjọba ń ka gbogbo ènìyàn sínú RAVIP, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ gbogbo aráàlú, ní 2017, Bàbá ò rí ìwé kankan fà yọ, ẹnu ló fi sọ orúkọ, ọmọdé tó ń kọ ọ́ bá kọ "Latoundji". Èmi tí mo kọ̀wé béèrè sí kóòtù, káàdì ló wà lápò mi, òun ni mo kọ tẹ̀lé. Ìdájọ́ jáde, mo fi ọ̀rá wé e, a délé, a jẹun. Ìgbà tó di alẹ́ ni àbúrò mi obìnrin gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tíṣà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, o kan ti sọnù níbí."

Lẹ́tà kan ṣoṣo! Mo gbé e lọ bá akọ̀wé arọ́ndísímáà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn fi o náà sí i tó bá ń kọ ọ́. Ó fi ìka tẹ́ orúkọ náà nísàlẹ̀ látorí O dórí i. Ó ní, "Ohun tí adájọ́ kọ ni mo máa kọ. Bó bá kọ ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni mo máa kọ." Inú bí mi nígbà náà. Àṣé ó tọ́. Mo padà sí Pọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ìyá Àdìsá, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ kú àfẹ́kù Bàbá.

Tèmi ò le tó bẹ́ẹ̀ ní ti ìjọba. Ilé ìwòsàn lọkọ mi kú sí, wọ́n fún wa níwèé lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ṣe ni pé arọ́ndísímáà tí à ń gbé ni a gbé e lọ. Wọ́n dá wa padà. Ibi tí ènìyàn kú sí ni wọ́n ti ń kọ ọ́, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Arọ́ndísímáà márùn-ún ló wà ní Àjàṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí ilé ìwòsàn náà bọ́ sí. Ọjọ́ kẹta, ìwé ti jáde.

Ará ilé ló dá mi lóró. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló lọ kéde, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ìwé sí. Ó kì í bàpò agbádá, ó ní títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ ilé, òun ò ní yọ ọ́. Oṣù méje! Mo ń kúnlẹ̀ kí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo ń gbé ọ̀gì lọ fún un. Kò yọ ọ́.

Ọmọ kan tó ń tẹ fótókọ́pì lẹ́bàá ọjà Ouando ló là mí lójú. Ó ní, "Ìyá, ìwé tó wà lápò wọn kọ́ ni ìwé náà o. Ìdí rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà." Mo gbé ìwé ìgbéyàwó wa àti káàdì mi lọ sí arọ́ndísímáà. Akọ̀wé lá ìka, ó ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó bá a, wọ́n yọ ẹ̀dà fún mi. Kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa gbé tirẹ̀ sápò lọ.

Mi ò gbé ọ̀gì lọ mọ́ ṣá.

Àbúrò Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, 1994 ni bàbá mi kú ní Kétu. Mo ti lọ sí mẹ́rì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò rí i. Ṣé kí n máa lọ sí kóòtù ni?

Tíṣà Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè)

Ọmọ mi, má tíì sáré. Ní 1994, kò sí mẹ́rì bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, sous-préfecture, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2003 ni àwọn kọ̀mún, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni mẹ́rì, tó gba ọ̀pá àṣẹ. Bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n kó rẹ́jísítà sous-préfecture sí, ó lè wà nínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, rántí pé ìwé méjì ni wọ́n ń kọ, èkejì ń lọ sí kóòtù. Má lọ sí Pọ́bẹ̀ fún èyí o. Kóòtù Pọ́bẹ̀ ò tíì sí nígbà náà, Àjàṣẹ́ ni Kétu ń lọ.

Kí o sì mú ọjọ́ dání. Wọn kì í fi orúkọ wá a, ọjọ́ ni wọ́n fi ń wá a. Nígbà tí mo ń wá ti ìyá mi, kò sẹ́ni tó mọ ọdún. Ẹnìkan ní ìgbà iṣu tuntun, ẹnìkan ní òjò ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá rántí pé ọdún tí a sin ín náà ni rédíò sọ pé a kì í ṣe Dahomey mọ́, a ti di Bénin. 1975 nìyẹn, oṣù kọkànlá. Iṣu tuntun ti ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé ọdún náà, ìyá mi wà níbẹ̀, "République du Dahomey" lókè, nísàlẹ̀ wọ́n kọ "née vers 1918", pé a bí i ní nǹkan bí 1918. Vers yẹn, ẹ má jà á. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ẹ ṣé, Tíṣà. Àbúrò, bó bá wá di ti kóòtù nígbẹ̀yìn, fún àwọn ẹlẹ́rìí rẹ lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n tó pè wá, ààfáà sì ti ń wo èmi bí ẹni pé èmi ni mo pa Bàbá.