Kí ló dé tí bàálù fi ń yípo lórí Lọ́ńdọ̀nù kó tó balẹ̀?

Ìyá Tòbí: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ń bọ̀ láti Èkó sí Heathrow. Mo ń wo bàálù wọn lórí fóònù. Wọ́n ti dé tán, ni wọ́n bá tún ń yípo lápá Ockham bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà. Àyà mi ń já o. Ṣé kò sí nǹkan?

Ajáẹrù: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń já ẹrù nídìí bàálù níbẹ̀. Wọ́n ń tò ni. Ojú ọ̀nà méjì péré ni Heathrow ní. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń fi ọ̀kan balẹ̀, wọ́n ń fi èkejì gbéra. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ kùtù ni Èkó, Johannesburg àti Singapore jọ fẹ́ wọlé, òfin òru kò sì jẹ́ kí wọ́n pọ̀ kó tó di aago mẹ́fà. Àwọn ará àdúgbò náà fẹ́ sùn.

Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń dúró: Bovingdon, Lambourne, Biggin àti Ockham. Bí abọ́ tí wọ́n tò léra ni: bàálù kan lókè èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín wọn. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jáde lọ balẹ̀, àwọn tó kù á sọ̀ kalẹ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Epo tí wọ́n ń jó dànù yẹn ńkọ́? Kí wọ́n kúkú dúró sí Èkó!

Ajáẹrù: Ẹ ò ṣàì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú! Wọ́n ń ṣe é fáwọn tó wà nítòsí. Bàálù Madrid lè jókòó sílẹ̀ lọ́hùn-ún títí Eurocontrol, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà bàálù ní Yúróòpù, ní Brussels, á fi fún un lákòókò. Ṣùgbọ́n ti Èkó tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀; ojú ọjọ́ lè yí padà kó tó dé.

Afẹ́fẹ́ gan-an ni ọ̀tá wa. Bó bá ń fẹ́ ko bàálù lójú, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ìwọ̀nba tó ń balẹ̀ á dín kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 2015, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń wọn àlàfo wọn, kì í ṣe máìlì mọ́, kí wọ́n lè túbọ̀ sún mọ́ra. Síbẹ̀, nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a lè káwọ́ gbera fún ogún ìṣẹ́jú, kí mẹ́ta sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn wa nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí wọ́n dín bàálù kù nígbà náà.

Ajáẹrù: Ta ló máa gbà? Iléeṣẹ́ bàálù tí kò bá lo àyè ìbalẹ̀ àti ìgbéra rẹ̀ tó ìdá 80 nínú 100, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Tòbí: Wọ́n ti jáde o! Màmá ní oorun ni àwọn ń sùn ní gbogbo ìgbà yẹn, pé ṣé mo ti gbé omi àmàlà kaná.